Mo gun alùpùpù dé òkè Mambilla

Ìgbà mẹ́rin ni mo ti ṣubú kí oòrùn tó kan àtàrí ní ọjọ́ kejì. Ìkarùn-ún ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá.

Ìròyìn ni mò ń túmọ̀ jẹun. Ó ti tó ìgbà mẹ́ta tí mo túmọ̀ ìròyìn nípa òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba: pé ó ga tó nǹkan bí mítà 1,600, pé wọ́n ń gbin tíì níbẹ̀, pé òtútù ibẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Abẹ́ fáànù ní Ìbàdàn ni mo jókòó sí tí mo fi kọ "òtútù" yẹn. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo ní màá lọ fojú ara mi rí i, màá sì gun alùpùpù, torí ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò lójú títì ọlọ́dà níbẹ̀, alùpùpù ló máa gbé e.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé n kò mọ̀ ọ́n gùn. Sátidé mẹ́rin péré ni mo fi kọ́ ọ ní pápá ilé ìwé kan, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìyá mi kò gbọ́ sí i rárá. Láti ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ti kán lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀kadà ni wọ́n ti gba ìlérí lọ́wọ́ gbogbo àwa ọmọ wọn pé a kò ní gùn ún. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Taraba. Irọ́ kọ́.

Ní Serti, lẹ́bàá ọgbà ẹranko Gashaka-Gumti, ni mo ti yá alùpùpù. Inú ọgbà yẹn ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, mítà 2,419. Ọlọ́kadà kan, ọmọkùnrin tí mo jù ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ló gbà láti fọ̀nà hàn mí. Ó wo bí mo ṣe di ọwọ́ alùpùpù mú, ó rẹ́rìn-ín. "Ògá, ọ̀rọ̀ kan ni màá kọ́ yín: a hankali." Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Háúsá.

Lẹ́yìn Mayo Selbe, títì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò gun òkè. Etí mi dí. Nígbà tí a fi máa dé Nguroje, ìka ọwọ́ mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́ lórí bíréèkì, ni mo bá mọ ohun tí mo ti ń túmọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ọjọ́ kejì la kúrò lójú ọ̀dà, a forí lé ọ̀nà Yelwa, níbi tí igbó Ngel Nyaki wà, igbó tí àwọn ìnàkí ṣì ń gbé. Ẹ má pè é ní ọ̀nà. Ipa ẹsẹ̀ màlúù ni, tí àgbàrá ti gbẹ́ láàárín. Afinimọ̀nà mi ní kí n dìde dúró lórí ìtẹsẹ̀, kí n tẹ orúnkún díẹ̀, kí alùpùpù lè máa mì lábẹ́ mi láì gbé mi ṣubú. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí n fi sí jíà kìn-ín-ní, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà á sẹ́yìn, kí n má sì fọwọ́ kan bíréèkì iwájú lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ti ojú ló le jù: ibi tí ojú bá ń wò ni táyà ń lọ. Bí mo bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò náà ni mo máa bá ara mi. Tí a bá kan odò, ó máa fẹsẹ̀ rìn ín já pẹ̀lú ọ̀pá, ó máa mọ ibi tó jìn, kó tó gun tirẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ló máa padà wá gun tèmi kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló gùn ún.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ láti ẹ̀bá igbó ni mo ṣubú lẹ́ẹ̀karùn-ún. Òkè wà lápá kan, àfonífojì lápá kejì, ọ̀nà kò sì gbà ju alùpùpù kan lọ. Mo fọwọ́ kan bíréèkì iwájú. Alùpùpù dábùú ọ̀nà, ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì ṣẹ́, orúnkún mi bó. Mo jókòó, mo mú ìwé mi jáde kí n kọ "ìkarùn-ún" sí i.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ alùpùpù mìíràn lẹ́yìn wa. Ènìyàn mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: ọlọ́kadà, aboyún tó ń rọbí, àti ìyá àgbà kan tó di aboyún náà mú lẹ́yìn. Gembu ni wọ́n ń gbé e lọ. Tèmi ló dí ọ̀nà. Mo gbìyànjú láti gbé e, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kò gbéra nílẹ̀. Aboyún náà kò pariwo. Ó kàn fi iwájú orí ti ẹ̀yìn ọlọ́kadà, ó ń mí gúlegúle. Afinimọ̀nà mi sáré padà wá, àwa méjèèjì wọ́ ọ sínú koríko. Ẹnikẹ́ni kò bú mi. Ká ní Ìbàdàn ni, wọn ì bá ti fi ìyá mi kún un. Ọlọ́kadà náà kí mi, "Sannu", ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ènìyàn mẹ́ta lórí táyà méjì, títí kùrukùru fi bò wọ́n. Mo ti ìwé mi bọ àpò.

Afinimọ̀nà mi yọ ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì tuntun nínú àpò rẹ̀. Ó ní láti Serti lòun ti mọ̀ pé màá ṣẹ́ ẹ.

Ilẹ̀ yìí wà lára Àríwá Cameroun tó dìbò ní oṣù Kejì ọdún 1961 pé Nàìjíríà lòun yóò bá lọ. Ẹni tó bá gba ọ̀nà tí mo gbà yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí Nàìjíríà fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo rí ọlọ́kadà náà ní Gembu, ó ń di àpò ẹ̀wà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Mo béèrè aboyún. "Ọkùnrin ni," ó ní, "ara ìyá ọmọ náà sì le." Ó wá béèrè kúlọ́ọ̀ṣì mi.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi fi dún. Ìyá mi ni.

"Kí ló ń dún lẹ́yìn rẹ yẹn?"

"Ọ̀kadà ni, Màámi."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ta ló ń gùn ún?"