Ẹ̀rọ Ló Wọnlẹ̀, Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Sí Ààlà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bálẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni ọ̀rọ̀ yìí kì í ti í kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé àárín ọmọ ìyá méjì tí ilẹ̀ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ fún ni iṣẹ́ tiwa wà. Bí a bá fa ìlà kan gba ibi tí kò yẹ, a ti dalẹ̀ nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é tàbí a kò mọ̀. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó ku díẹ̀ kí èmi náà dalẹ̀. N kò gba rìbá, ojú mi kò sì fọ́. Áàpù kan tí ó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì ni ó fẹ́ kó mi sí wàhálà.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìbàdàn, awò tẹodoláìtì àti téèpù irin ni a fi ń wọn ilẹ̀. Ìwé oko kékeré kan kì í kúrò lápò wa, pẹ́ńsù ni a sì fi ń kọ ọ́. Òfin kan tí ọ̀gá mi kò fi ṣeré rárá ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi rọ́bà pa nọ́ńbà rẹ́. Bí a bá ṣìṣe, a ó fa ìlà kan ṣoṣo gba orí àṣìṣe náà, a ó sì kọ èyí tí ó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá a máa sọ pé ìwé tí a bá ti pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀ kò lè jẹ́rìí ní kóòtù. Ní ìgbà náà, mo rò pé àgbà kàn ń ni wá lára ni.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé mi má ṣe rò pé mo kórìíra ẹ̀rọ o. Ẹ̀rọ ti gbà wá lọ́wọ́ ìyà púpọ̀. Lónìí, a ó gbé ẹ̀rọ kan tí ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì kalẹ̀ sí ibi tí a ti mọ ipò rẹ̀ dájú, a ó sì gbé èkejì sórí ọ̀pá, a ó máa gbé e kiri ààlà. Èyí tí ó dúró sójú kan yóò máa sọ àṣìṣe tí ó wà nínú àmì náà fún èyí tí ń rìn, títí tí àṣìṣe yóò fi kéré sí sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Áàpù inú tábúlẹ́ẹ̀tì ni yóò gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Yóò ya àwòrán ilẹ̀ bí a ti ń rìn, yóò so fọ́tò mọ́ ibi kọ̀ọ̀kan tí a bá wọ̀n, yóò sì ṣírò bí ilẹ̀ náà ti tóbi tó kí a tó kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ń gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ òwúrọ̀ kan.

Ó tún ń bá wa yanjú ọ̀rọ̀ kan tí ó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ìlànà Minna ni a gbé púpọ̀ nínú ìwé sọ́fè ilẹ̀ Nàìjíríà kà, ṣùgbọ́n WGS84 ni àwọn sátẹ́láìtì GPS ń lò. Bí ènìyàn bá mú nọ́ńbà ọ̀kan lò bí ẹni pé èkejì ni, láìyí i padà, ilẹ̀ náà yóò kúrò ní ipò rẹ̀ lórí ìwé ju mítà 50 lọ. Áàpù a máa yí i padà fúnra rẹ̀, bí ẹni tí ó ń lò ó bá ti sọ òótọ́ fún un níbẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ méjì ti ní láti fẹnu kò. Iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí wáyé ní oko kòkó kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ bàbá kan náà mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ pín in. Obìnrin ni àkọ́bí wọn, ìyá àgbà tí ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Èmi mú apá òkè, ọmọṣẹ́ mi mú apá ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò. A ti fohùn ṣọ̀kan pé èmi yóò máa ka tèmi láti 1, òun yóò máa ka tirẹ̀ láti 101, kí nọ́ńbà wa má baà pàdé. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, mo ti sọ fún un pé kí ó gbé àtúnṣe tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sí áàpù náà sórí tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn àwọn ohun tuntun inú rẹ̀. Èmi kò tíì gbé e sórí tèmi.

Kò sí nẹ́tíwọ̀kì ní oko yẹn. Nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán, tí ọmọṣẹ́ mi tún áàpù náà ṣí, ó ti pa ètò tí a ṣe fún un tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti 1. Ọmọ náà kò kíyè sí i. Nígbà tí a dé ìgboro, tábúlẹ́ẹ̀tì méjèèjì rí nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n fi àkọsílẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àgbà tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmì àwọ̀ ewé sì jáde pé gbogbo rẹ̀ ti dọ́gba. Tèmi ni ó kọ́kọ́ lọ, tirẹ̀ tẹ̀lé e. Ibi 38 ni mo wọ̀n, òun wọn 44. Àpapọ̀ rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ 82. Ohun tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ 70. Ibi 12 tí ọmọṣẹ́ mi wọ̀n lẹ́yìn oúnjẹ ti gun orí 12 àkọ́kọ́ tèmi, ó sì pa wọ́n rẹ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì tèmi náà gba èyí tí ó dé kẹ́yìn, ó sì ju tirẹ̀ nù. N kò ka iye rẹ̀. Àmì àwọ̀ ewé ni mo gbà gbọ́, mo sì gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán.

Nígbà tí a mú àwòrán náà padà lọ sí oko kí gbogbo wọn lè fojú rí i, ìyá àgbà béèrè pé, “Ọ̀gá sọ̀fíyọ̀, ẹ má bínú o. Níbo ni ìrókò wà nínú ìwé yìí?” Mo fi ọwọ́ hàn wọ́n. Wọ́n ní, “Ìdí ìrókò yẹn ni bàbá wa gbin pèrègún sí. Ìlà tiyín kò dé ibẹ̀. Ta ló wá ni èyí tó ṣẹ́ kù?” Ilẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pùlọ́ọ̀tì mẹ́ta, nínú ìpín tiwọn sì ni. Kí n tó dáhùn, ọ̀kan nínú ẹbí náà ti yíjú sí àbúrò ìyá àgbà, ó ní, “Ṣé ẹ ti rí sọ̀fíyọ̀ ni?” Ara mi gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jọ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò wo ojú ara wọn mọ́.

Ìwé oko ni ó gbà mí. Àṣà tí ọ̀gá mi fi kọ́ mi kò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀, mo ṣì ń ya ilẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì ń kọ bí ibi kan ti jìnnà sí èkejì. Mo ṣí i níwájú gbogbo wọn. Ibi keje tèmi wà ní ìdí ìrókò, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú áàpù, ẹ̀bá odò ni nọ́ńbà 7 wà. Mo sọ fún wọn pé àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe ti ọmọṣẹ́ mi, kì í sì í ṣe ti àbúrò wọn. Ní ọjọ́ kejì, a tún ibi 12 náà wọ̀n láìgba kọ́bọ̀ kan, ó sì bá ìwé oko mu.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú sí ìlànà tí áàpù yẹn ń tẹ̀ lé: ẹni tí ó bá dé kẹ́yìn ni ó jàre. Níbo ni wọ́n ti ń dájọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà wa ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Bí nọ́ńbà kan náà bá wà ní ibi méjì, ohun tí ó yẹ kí ẹ̀rọ ṣe ni pé kí ó pa méjèèjì mọ́, kí ó sì pe ènìyàn wá yanjú rẹ̀. Kò yẹ kí ó pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́ kí ó wá gbé àmì àwọ̀ ewé jáde. Ìwé sọ́fè kì í ṣe ohun eré. Ẹni tí ó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí nínílẹ̀ lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 kò lè ṣe é láìsí i. Bí àṣìṣe bá ti wọ inú rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ ni yóò jà á ní kóòtù, nígbà tí ẹni tí ó ṣe é ti kú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe gbé àtúnṣe tuntun sórí ẹ̀rọ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ fi lẹ́tà orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ kó ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pamọ́ kí nẹ́tíwọ̀kì tó dé, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó gbà pé ó pé. Ẹ̀yin onílẹ̀, ẹ má dúró sílé. Ẹ tẹ̀ lé wa yí ààlà ká, ẹ wo nọ́ńbà ara òkúta ààlà, kí ẹ sì bi wá pé níbo ni ó wà nínú ìwé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Kí n tó kúrò ní oko náà, ìyá àgbà ní kí ọmọṣẹ́ mi gé ẹ̀ka pèrègún kan wá. Wọ́n ní kí ó rì í mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rì sí ìdí ìrókò. Àbúrò wọn ni ó bu omi sí i.