Bàálù Tí Ó Ní Gẹ̀gẹ̀ Ní Kánò

Ó ti pẹ́ tí olóòtú ìwé wa yìí ti ń bẹ̀ mí pé kí n kọ nǹkan nípa Kánò, èmi a sì máa dáhùn pé akọ̀wé rélùwéè lásán ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, kí ni mo rí tí n ó kọ? Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi tí ó mú mi rin ìrìn láti Sabon Gari dé ẹ̀gbẹ́ pápá ọkọ̀ òfúrufú. Òun ni mo fẹ́ rò fún yín.

Àbúrò ìyàwó mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó fi páálí kan ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 12. Bàálù ogun ni ó wà nínú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, ike ni wọ́n fi ṣe é. Hurricane ni orúkọ rẹ̀, bàálù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ayé ogun Hitler. Abẹ ni a fi ń gé ègé kọ̀ọ̀kan kúrò lára ọ̀pá ike tí ó so wọ́n pọ̀, gọ́ọ̀mù ni a sì fi ń lẹ̀ wọ́n. Àga awakọ̀ ni a kọ́kọ́ ń ṣe, nítorí bí a bá ti pa ikùn bàálù dé, ọwọ́ kò tún lè wọ ibẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni apá, ìrù, ẹsẹ̀, àti abẹ̀bẹ̀ imú. Bí ọ̀dà bá gbẹ, a ó rẹ àwọn àmì ara rẹ̀ sínú omi kí wọ́n lè bó kúrò lára bébà, a ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ bàtà 6 lára bàálù gidi ni ó di íńṣì kan péré. Láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì, Hurricane gidi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40. Ti ọmọ mi kò pé íńṣì 7.

Kí n má purọ́, inú mi kò dùn sí i. Eruku ọyẹ́ bà lé ọ̀dà tútù, ọmọ ń sunkún, èmi sì ní kí ó lọ gbé ìwé rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni ó mú ègé kékeré kan wá, ó ní, “Bàbá, abẹ́ imú ni wọ́n ń lẹ èyí mọ́, bí bàálù bá ń lọ sí ilẹ̀ oníyanrìn. Òun ni ó ń sẹ́ iyanrìn kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà símú.” Ó gbé e sí abẹ́ imú bàálù náà kí n wò ó. Ara mi bù máṣọ. Gẹ̀gẹ̀ ni mo rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀fà ni bàbá bàbá mi ti wá sí Kánò. Ní ìgbà ogun, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń já garawa epo bẹntiróòlù kúrò nínú rélùwéè, tí wọ́n ń kó o lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú. Bàbá a máa sọ pé méje-méje ni bàálù ń dé, ńlá kan níwájú, kékeré mẹ́fà lẹ́yìn bí ọmọ adìyẹ, àti pé àwọn kékeré náà ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Àwa ọmọdé a máa pè é ní Bàbá Gẹ̀gẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, mo là á mọ́ ọn lójú níwájú àlejò: “Bàbá, ẹ yé purọ́. Bàálù kì í ní gẹ̀gẹ̀.” Bàbá dákẹ́. Kò sọ ìtàn náà mọ́ títí ó fi kú ní 2006.

Nísinsìnyí mo ti ka ìtàn ọ̀nà náà. Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní oṣù kẹfà 1940, ojú omi tí ó lọ sí Íjíbítì di ewu. Ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó bàálù nínú àpótí wá sí Takoradi ní Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀, tí wọ́n sì ń fò ó gba Èkó, Kánò, Maiduguri àti Sùdáànì lọ sí Íjíbítì, ìrìn tí ó ju máìlì 3,500 lọ. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án 1940: Blenheim kan níwájú, Hurricane mẹ́fà lẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń wà nínú Hurricane, nítorí náà Blenheim ni ó ń mọ̀nà fún wọn. Kí ó tó di òpin 1943, ó lé ní bàálù 5,000 tí ó gba ọ̀nà náà kọjá. Méje-méje tí Bàbá wí kì í ṣe irọ́. Gẹ̀gẹ̀ náà kì í ṣe irọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti ọmọ mi gbé bàálù náà sínú páálí, a sì lọ sí pápá tí à ń fi orúkọ Malam Aminu Kano pè. A kò wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni a dúró sí. Ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀, a kò rí ju koríko gbígbẹ àti bàálù ńlá kan tí ó ń balẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan wá bá wa, ó fi èdè Hausa béèrè ohun tí à ń wá. Ọmọ mi ṣí páálí, ó ní, “Bàbá bàbá bàbá mi ni ó ń gbé epo fún irú èyí níhìn-ín.” Ọkùnrin náà wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a má ṣe pẹ́. Nígbà tí à ń padà, ọmọ mi bi mí bóyá Bàbá àgbà mọ̀ pé òtítọ́ ni òun ń sọ. Mo ní, “Ó mọ̀. Àwa ni kò mọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí ó jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ tí mo là á mọ́ Bàbá lójú ṣì wà láàyè ní Ọ̀fà. Bí ìsinmi mi bá dé, n ó gbé bàálù náà lọ bá a, n ó dọ̀bálẹ̀, kí ó bá mi bẹ Bàbá ní ojú oórì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ ní pápá náà ní ìgbà ogun, kí ó jọ̀wọ́ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú. Ọmọ mi ti ra ìwé kan tí ó fẹ́ máa kọ wọ́n sí. Orúkọ Bàbá ni ó kọ sí iwájú.