Àròkọ Nípa Ara Ẹni



Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá mi nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, máàkì JAMB, tó jẹ́ 400 lápapọ̀, àti èsì WAEC tàbí NECO ni a fi ń wá àyè sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó ń lo Common Application ń béèrè àròkọ nípa ara ẹni, tí kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ.

“Bùrọ̀dá, kí ni kí n kọ?”

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣì í lọ́nà. Mo ní kó kọ nípa Ìbàdàn: Baṣọ̀run Ògúnmọ́lá, Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, àti òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Ó kọ ọ́, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, ìlú ni mo rí, n kò rí ọmọ náà.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láwùjọ wa, ẹlòmíràn ló sábà máa ń kini lóríkì. Báwo ni ọmọ tí a tọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe máa kọ “èmi, èmi” ránṣẹ́ sí àlejò? Ni mo bá yí ìbéèrè padà: “Kí lo rí rí tó yà ọ́ lẹ́nu, tí o kò lè gbàgbé?”

Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ó ń ran màmá mi lọ́wọ́ nídìí ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà'ba. Oníbàárà kan ra kóńgò márùn-ún, ẹgbẹ̀sán náírà (1,800) ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó fa fóònù yọ, màmá ti ní, “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárùn-ún.” Ó béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Màmá, tí wọn kò lọ sílé ìwé, dáhùn: “Ká ní ẹgbàá ni kóńgò kan, ẹgbàárùn-ún ni ì bá jẹ́. Igba ló dín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igba márùn-ún sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Yọ ọ́ kúrò.”

Ọmọ náà ní òun kò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìṣirò ọ̀hún wà nínú orúkọ iye owó náà fúnra rẹ̀: 10,000 tó dín 1,000. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tú orúkọ nọ́ńbà wò nínú ìwé kékeré kan.

“Ó parí,” ni mo wí. “Kọ ìyẹn.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kò yin ara rẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló sọ, ẹni tó sì kà á yóò mọ irú ọmọ tó jẹ́. Ojú sì ti èmi náà díẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní nọ́ńbà Yorùbá, n kò sì béèrè lọ́wọ́ ìyá mi rí.

A ṣì ń retí èsì. Nígbà tó túmọ̀ àròkọ náà fún màmá, wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ ẹ̀lùbọ́ yìí náà lẹ fi ránṣẹ́ sí òyìnbó?”

Òun náà ni, màmá. Ire o.