Ọkọ̀ Bàbá Mi ní Okokomáíkò

Láti Ìbà, mo wa ọkọ̀ aláwọ̀ aró tí bàbá mi fi sílẹ̀ gba Ìyànà-Ìbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá apẹ́ńtì kan ní Okokomáíkò, létí títì Àgbádárìgì. A fẹ́ tà á. Ó gbọ́dọ̀ dán.

Ọ̀gá rẹ sáńpépà oní-2000 sínú omi ọṣẹ, ó ń fi ra ara ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Omi ní í ṣan ìdọ̀tí lọ, kí ó má baà tún họ ọ́. Èmi rò pé dídán là ń fi kún un ni. Àṣé bíbó là ń bó o.

“Bí omi bá funfun bí omi ògì, kílíà ni, ọ̀dà òkè tí kò láwọ̀. Bí ó bá ti di aró, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.”

Ó tan ẹ̀rọ. Kò jẹ́ kó dúró lójú kan, kí ooru má baà jó ọ̀dà. Ilẹ̀kùn dán bíi dígí, àfi ibi tí kọ́kọ́rọ́ Bàbá ti máa ń họ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀gá fi èékánná wò ó. “Èyí ti jìn jù, àbúrò. Bí mo bá lé e, màá kan aró.”

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà yọ owó nítorí rẹ̀. N kò jiyàn.