Òkú Ọdẹ Kì í Dá Lọ

Ọdún kẹta lẹ́yìn ikú ọdẹ àgbà kan ní Ìkẹ́nnẹ́, ìbọn rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó tí ó máa ń gbé e kọ́ lára ògiri. Àpò ọdẹ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn náà, àti ẹ̀wù tí ó ti gba àwọ̀ erùpẹ̀, àti àtùpà ọdẹ tí ó máa ń dè mọ́ iwájú orí bí ó bá ń lọ ṣọdẹ òru. Ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn wọ́n. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má fi ọwọ́ kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n kó wọn kúrò. Bí ẹni tí ń gbálẹ̀ yàrá náà bá dé ìdí ògiri yẹn, ńṣe ni yóò yí ìgbálẹ̀ padà.

Ọ̀ràn náà kò ṣẹ̀yìn àkọ́bí olóògbé. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣàgámù, ó sì wà lára àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó ń lọ. Nígbà tí bàbá kú, ìjọ ni ó sin ín. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi Ìwé Mímọ́ tu àwọn ọmọ nínú, wọ́n sì se àsè fún àwọn tí ó wá báni kẹ́dùn. Ní ọjọ́ kẹjọ ni àwọn ọdẹ dé. Wọ́n jókòó sí iwájú ilé, wọn kò jẹ, wọn kò mu. Olúọdẹ ni ó la ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ ti sin bàbá yín, ẹ kú ìnáwó. Ó wá ku ọdẹ tí àwa náà fẹ́ sin.”

Ìṣípà ni wọ́n bá wá. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n kó ohun ìṣọdẹ olóògbé fún àwọn, kí àwọn fi ìrèmọ̀jé kí i fún ìgbà ìkẹyìn, kí àwọn sì gbé ẹrù náà lọ sínú igbó, kí òun àti ẹgbẹ́ lè pínyà. Àkọ́bí fi ìtẹríba dá wọn lóhùn pé bàbá òun ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa, kò sì gbàgbé ẹrù kankan sílẹ̀. Àwọn ọdẹ kò bá a jiyàn. Wọ́n dìde, wọ́n kí ara wọn ní “Àrìnpa o,” wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ìdáhùn yẹn yà lẹ́nu ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìlú ìwé ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909. Ibẹ̀ náà ni Táí Ṣólàárín dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956. Ẹni tí ó bá ka ìwé dé ibi tí olùkọ́ yìí kà á dé a máa rò pé ohun gbogbo tí kò sí nínú ìwé ti di ohun àná.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọdẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tí ń pa ẹran tà lásán. Ìtàn ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ọdẹ tí ó lọ jìnnà, tí ó rí odò àti ilẹ̀ tí ó dára, tí ó sì padà lọ pe àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Ní ayé ogun, àwọn ọdẹ ni ojú àti etí ìlú: àwọn ni wọ́n ń lọ wo ibi tí ọ̀tá dó sí, àwọn ni wọ́n mọ ọ̀nà tí a lè gbà sá. Rẹ́mọ mọ ìtumọ̀ ààbò. Nítorí ìdààmú ogun ni ìlú mẹ́tàlá fi kó ara wọn jọ ní 1872, tí wọ́n di Ṣàgámù, tí Akárìgbò sì wà láàrin wọn. Ìlú tí ó tipa báyìí kó jọ kò lè fi ojú kékeré wo ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Olúọdẹ ni olórí ẹgbẹ́, ó ní Ọ̀tún, ó ní Òsì. Orúkọ Ògún ni wọ́n fi ń búra. Nígbà tí ará ìlú bá ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n sùn, ìgbà náà ni iṣẹ́ tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Olè àti ẹkùn nìkan kọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ó ń bẹ nínú òru. Wọ́n ní iwin ń bẹ, egbére ń bẹ. Wọ́n sì ní àkúdàáyà ń bẹ, ẹni tí ó kú ní ìlú kan tí wọ́n tún rí i ní ìlú mìíràn, tí ó ń ṣòwò, tí ó fẹ́ ìyàwó, tí ó bímọ, títí di ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí nílé yóò bá a pàdé lọ́jà, tí yóò sì pòórá. Bí a bá tẹ́tí sí ìtàn wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé àkúdàáyà kì í sábà ṣe ènìyàn níbi. Ohun tí ó ṣe kò ju pé kò lọ. Àwọn tí ó sì máa ń jìyà rẹ̀ ni àwọn alààyè tí wọ́n ti fi ọkàn tì í, ìyàwó tí ó jí tí kò rí ọkọ mọ́, ọmọ tí ń béèrè bàbá lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.

Olùkọ́ náà mọ gbogbo èyí, inú ìwé ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ọdọọdún ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, nínú èyí tí ọba ti rán Àkàrà-Ògùn àti àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó fún àǹfààní ìlú. Ó mọ ìwé tí ó sọ Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, di olókìkí ní 1952, ìtàn ẹni tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó ti kú lọ dé ìlú àwọn òkú, tí adẹ́mu náà sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun kò lè bá alààyè padà lọ sílé mọ́. Ó ka iṣẹ́ tí Bádé Àjùwọ̀n ṣe lórí ìrèmọ̀jé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì ti fi í ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kan nínú kíláàsì, ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ na ọwọ́ sókè. “Ẹ jọ̀wọ́ sà, àwọn ọdẹ tí wọ́n kú nínú ìrìn-àjò náà, ta ni ó ṣípà wọn?” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé tí ó kàn.

Ọjọ́ Sátidé ni ó máa ń ti Ṣàgámù lọ wo ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, kì í sì í sùn síbẹ̀. Ní Sátidé kan, òjò dá a dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá rẹ̀ se ìkọ́kọrẹ́. Ó bu ti ọmọ, ó bu tirẹ̀, ó tún mú àwo kẹta, ó bu oúnjẹ sí i, ó fi ẹja tí ó tóbi jù lé e lórí, ó dé e, ó sì gbé e sórí tábìlì tí ó wà nínú yàrá, lábẹ́ ìbọn.

“Màmá, ta ni ẹ bu ìyẹn fún?”

Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. “Bàbá rẹ kò tíì wọlé.”

Ọ̀rọ̀ kan náà ni obìnrin yìí ti ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti kékeré wọn. Ní alẹ́ gbogbo tí bàbá bá lọ ìgbẹ́, tí wọ́n bá béèrè ìdí tí àwo kan fi wà ní dídé, ohun tí yóò wí nìyí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọkọ rẹ̀ á ti dé, àwo á ti ṣófo. Nísinsìnyí, bí ilẹ̀ bá mọ́, adìẹ ni ó ń da oúnjẹ náà fún. Ó ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ará ilé mọ̀, ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Yàrá kejì ni òun fúnra rẹ̀ ń sùn, kì í sì í ti ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, olùkọ́ náà ti wà ní ilé Olúọdẹ. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ parọ́ fún yín. N kò mọ̀ bóyá mo gbà á gbọ́.”

Olúọdẹ ní kí ó dìde. “Ta ni ó bi ọ́ léèrè ìgbàgbọ́? Ẹrù bàbá rẹ ni a béèrè.”

Lẹ́yìn tí ó ti fún un ní àga, ó sọ ohun tí kò sọ ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú. Ó ní bí ẹlòmíràn bá kú, ọ̀nà àtilọ nìkan ni ó mọ̀. Ọdẹ mọ ọ̀nà àtilọ, ó sì mọ ọ̀nà àtibọ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí bàbá rẹ fi ń wọ inú òkùnkùn lọ tí ó sì ń padà wálé. Ta ni yóò sọ fún un pé èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn? Gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ fi ń ṣọ́ ìlú ni ó mọ̀. Ajá kò ní gbó o. Aṣọ́de kò ní dá a dúró, nítorí pé òun ni ó kọ́ aṣọ́de ní iṣẹ́. Bí òkú ìlú bá ń rìn, ọdẹ lè lé e padà. Bí òkú ọdẹ bá ń rìn, àwọn tí wọ́n jọ rìn nìkan ni wọ́n lè bẹ̀ ẹ́ kí ó máa lọ. “Ẹ̀rù rẹ̀ kò bà wá,” ni ó wí. “Àánú rẹ̀ ni ó ń ṣe wá. Àánú ìyá rẹ sì tún ń ṣe wá.”

Wọ́n dá ọjọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọdẹ péjọ sí iwájú ilé náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ìrèmọ̀jé ti gbilẹ̀ púpọ̀, ẹni tí ó wá dáko sí Rẹ́mọ nígbà èwe rẹ̀ tí kò sì padà mọ́. Òun ni ó ki olóògbé. Ó ki í bí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀, ó ka oko tí wọ́n jọ dé, ó rán an létí ẹran tí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn àgbà ọkùnrin sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìyá ni ó wọ yàrá lọ tú ẹrù náà kúrò lórí ìṣó. Ó kó ẹ̀wù fún wọn, ó kó àpò fún wọn. Ìbọn nìkan ni wọn kò fi kún ẹrù igbó, nítorí pé ìwé àṣẹ ìjọba ń bẹ lórí rẹ̀. Nígbà tí ó kan àtùpà, ìyá dì í mú.

“Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́wọ́ mi.”

Kò sí ọdẹ tí ó dá a lóhùn. Ọmọ rẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn. “Màmá, òun ni wọ́n fi ń ríran bọ̀ wálé.”

Obìnrin náà wo àtùpà náà títí, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ìrìn náà jìn ju bí olùkọ́ ti rò lọ. Igbó tí bàbá rẹ̀ fi ṣe ilé nígbà kan ti di oko obì, oko obì ti di ilé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni ilẹ̀ náà ti ń yára ṣí sílẹ̀, ariwo ọkọ̀ àjàgbé sì ń dé etí wọn láti ọ̀nà jíjìn bí wọ́n ti ń lọ. Ibi tí igbó kù díẹ̀ sí lẹ́bàá odò kan ni wọ́n gbé ẹrù náà sí, pẹ̀lú obì, iṣu sísun àti ẹmu. Olúọdẹ pe olóògbé ní orúkọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì wí fún un ní gbangba pé láti òní lọ, kò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní dúró dè é lóko, ẹnikẹ́ni kò ní dúró dè é nílé. Wọ́n yí padà. Kò sí ẹni tí ó bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìjọ, wọ́n sì ní kí olùkọ́ fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, kò bá wọn jà. Bóyá òkú rìn tàbí òkú kò rìn, kò lè fi irin búra lórí rẹ̀ títí di òní. Ohun tí ó lè búra lé lórí ni pé ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, àwo méjì ni ìyá rẹ̀ bu oúnjẹ sí, ó padà sùn sí yàrá tirẹ̀, ó sì fi gèlè kọ́ orí ìṣó tí ó ṣófo náà.

Láti ìgbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí wọ́n wọ aṣọ rẹ̀ láti ṣọ́ ọ̀nà àti oko lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Iṣẹ́ ọlá ni, ìlú sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n alààyè ni wọ́n ń ṣọ́ ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ bí a ti í bá òkú sọ̀rọ̀ kí ó gbọ́ kò pọ̀ mọ́, baba arúgbó ọmọ Ọ̀yọ́ náà sì wà lára wọn. Olùkọ́ a máa mú ìwé àti gègé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yìnbọn rí. Ní ọjọ́ kan ó bi arúgbó náà pé, “Bàbá, bí ó bá kàn yín, ta ni yóò kì yín?”

Arúgbó náà wo ìwé tí ó wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, “Kà mí ní ibi tí o kọ ọ́ dé.”