Ète Ìjọ Wa

Ìdílé mọ́kànlá ni wá nígbà tí a dá ìjọ tuntun sílẹ̀ nítòsí Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Nítorí pé olùkọ́ Yorùbá ni mí, wọ́n ní kí n kọ ète ìjọ náà sílẹ̀. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta gbáko: ìwàásù, ìwòsàn, ilé-ìwé, títí dé orí ọkọ̀ ìjọ. Nígbà tí mo kà á tán, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, àfi ìyá mi. Wọ́n ní, "Àkànní, èwo nínú rẹ̀ ni a ó ṣe lọ́la?" Ẹnu mi wọhò.

Mo rántí àwọn tí ó gbin ìjọ sí ìlú yìí. Ní ọdún 1846 ni Townsend àti Àjàyí Crowther wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS tí ó rán wọn, ní ète tí ọmọdé lè há sórí: kí ìjọ máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. (Títẹ̀lé e ni ó le: Townsend fúnra rẹ̀ ta ko fífi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.)

Mo bi ìyá mi léèrè ohun tí àwọn fẹ́. "Ìwọ ni o máa ń ka Bíbélì sí mi létí. Bí o kò bá wá ńkọ́?"

Gbólóhùn kan ni mo fi rọ́pò ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí olúkúlùkù wa lè ka Bíbélì fúnra rẹ̀. Ìdílé méjì bínú lọ. Ìyá mi ti dé orí kẹta Ìhìn Rere Jòhánù.