Má Ta Kámẹ́rà Bàbá

Peckham,
London.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án.

Kọ́lá, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Sọ fún Màámi pé oògùn orúnkún tí wọ́n ní kí n rà ti wà nílẹ̀. Ìyá Ìbejì tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà níbí ni yóò bá mi mú un bọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé ní ìparí oṣù Kẹwàá.

Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nípa kámẹ́rà Bàbá. O ní ẹnì kan wá láti Èkó, ó ti dá owó lé e, Bọ̀dá Délé sì ní kí o kúkú tà á nítorí pé kò sẹ́ni tó ń lo fílíìmù mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n pín in fún, ìwọ náà lo sì bi mí léèrè. Má tà á. Lò ó. O ní ó dàgbà ju ìwọ lọ, o kò sì mọ ibi tí wàá ti gbá a mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù lọ.

O mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń fọ fílíìmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló ń gbé kámẹ́rà àtijọ́ wá bá wa, irú ti Bàbá gan-an sì wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù. Canonet QL17 GIII ni. Ọdún 1961 ni ilé iṣẹ́ Canon ti ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ gbé Canonet jáde, àmọ́ ọdún 1972 ni irú ti Bàbá yìí jáde. Lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 40, ihò rẹ̀ sì ń ṣí dé 1.7, òun ni 17 tó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ihò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí Bàbá lè máa ya fọ́tò nínú pálọ̀ lálẹ́ láìsí iná kámẹ́rà. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ mọ ohun tó ń wá.

Kí o tó fi fílíìmù sí i, yẹ̀ ẹ́ wò lófo. Fa kọ́kọ́rọ́ ìká-fílíìmù tó wà lórí rẹ̀ lápá òsì sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣí. Wàá rí fóòmù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ojú ọ̀nà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà ń wọ̀. Òun ló ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Bí ó ti pẹ́ tó yìí, á ti yọ́, á sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ọ̀dà. Yí òwú mọ́ igi ìtayín, fi spirit díẹ̀ sí i, kí o rọra họ gbogbo rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, tẹ́ òwú wúùlù dúdú sínú ojú ọ̀nà yẹn yíká. Ó tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí o fẹ́ rà láti òkè òkun fún un. Má fi ọwọ́ kan ohunkóhun tó wà láàárín.

Wá yí òrùka ìyára sí B, ká kámẹ́rà náà, kọ ojú lẹ́ńsì sí fèrèsé kí o máa wò ó láti ẹ̀yìn. Bí o bá tẹ bọ́tìnì tí o sì di í mú, o gbọ́dọ̀ rí ihò tó mọ́lẹ̀. Bí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó pa dé kíá. Àwọn ewé irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń pa dé yẹn ni ṣọ́tà. Ooru àti pé ó ti wà nínú àpótí fún ìgbà pípẹ́ máa ń mú kí òróró ṣàn dé orí wọn, wọ́n á sì máa lẹ̀ mọ́ra. Bí tirẹ̀ bá ń lẹ̀, gbé e lọ fún ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní tòótọ́, kí o jókòó tì í. Bí ó bá mú agolo òróró jáde pé òun fẹ́ fọ́n ọn sínú rẹ̀, gba kámẹ́rà rẹ kí o máa lọ sílé.

Bí ṣọ́tà bá dára, ojú ló kàn. Kámẹ́rà yìí kì í jẹ́ kí o wo inú lẹ́ńsì. Rangefinder ni wọ́n ń pè é. Inú ojúhò kékeré tó wà lókè ni wàá máa yọjú. Ní àárín ojúhò náà ni àmì kan wà tó ní àwọ̀ ìyeyè, inú rẹ̀ sì ni ohun kan ṣoṣo ti ń di méjì. Máa yí ìdìmú ara lẹ́ńsì títí méjèèjì yóò fi wọ inú ara wọn di ọ̀kan. Nígbà náà ni fọ́tò náà yóò mọ́ kedere. Láti mọ̀ bóyá ó ṣì péye, dúró sí ibi tí o ti lè rí àpáta Olúmọ láti òkèèrè, yí lẹ́ńsì dé òpin, kí o wo etí àpáta náà. Tí ó bá ṣì jẹ́ méjì, ó nílò àtúnṣe.

Ohun tó ní ìlà tó dúró gbọn-in ni àmì yìí máa ń rí jù. Ojú ènìyàn tó jọ̀lọ̀ lè tàn ọ́ jẹ, àmọ́ ti Màámi rọrùn: ìlà ojú wọn ni kí o fi àmì náà lé. Kí o má sì sún mọ́ wọn ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ. Lẹ́ńsì náà kò lè ríran dáadáa bí o bá sún mọ́ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́lá, nítorí pé inú lẹ́ńsì kọ́ ni o ń wò, ìdérí lè wà lójú lẹ́ńsì, tàbí ìka rẹ, kí o má mọ̀ rárá. Mò ń rí odidi fílíìmù tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ nítorí ìyẹn. Bọ́ ìdérí náà sápò kí o tó gbé kámẹ́rà sójú.

Ọ̀rọ̀ bátìrì wá kù, òun sì ni gbogbo ènìyàn fi ń sọ pé kámẹ́rà yìí ti kú. Bátìrì 625 tó ní mẹ́kúrì nínú ni wọ́n ṣe é fún, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ fólítì 1.35. Wọn kò ṣe é mọ́ nítorí májèlé inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà dípò rẹ̀ lóde òní jẹ́ 1.5, á sì mú kí kámẹ́rà rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Fọ́tò á ṣókùnkùn. Bátìrì 675 tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àwọn àgbàlagbà sún mọ́ ti àtijọ́ dáadáa, màá sì fi méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú òrùka tí yóò mú kí wọ́n ṣe déédéé nínú ààyè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: bátìrì kọ́ ló ń gbé kámẹ́rà náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ nìkan ló ń lò ó. Bí o bá yí òrùka ihò lẹ́ńsì kúrò lórí A, ibi tí kámẹ́rà ti ń yan ihò fúnra rẹ̀, irin lásán ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù. Ojú rẹ ni yóò wá máa wọn ìmọ́lẹ̀, ojú rẹ yóò sì mọ̀ ọ́n ju ẹ̀rọ náà lọ tí o bá fún un ní ààyè láti kọ́ ọ.

Fílíìmù 200 ni màá fi ránṣẹ́. Èyí tó jẹ́ 400 ti le jù fún oòrùn wa. Ìyára 500 àti ihò 16 ni òpin kámẹ́rà yìí, ibẹ̀ gan-an ni oòrùn ọ̀sán yóò sì gbé fílíìmù 400 dé, láìsí ibi tí o tún lè sún sí. Pẹ̀lú 200, fi ìyára sí 250 kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú oòrùn gangan, ihò 16. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, 8. Lábẹ́ igi tàbí lẹ́bàá ògiri tí oòrùn kò dé, 5.6. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, 4. Nínú yàrá, ṣí i dé 1.7, mú ìyára wá sí 30, kí o fi èjìká ti férémù ilẹ̀kùn kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n. Máa ṣe é láìsí fílíìmù fún ọ̀sẹ̀ kan: tí o bá jáde láàárọ̀, sọ nọ́ńbà náà sínú kí o tó wo òrùka.

Ohun mìíràn wà tí ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ kò mọ̀, èyí sì ká mi lára. Gbé Màámi sí iwájú ògiri tí a kùn ní funfun, pẹ̀lú léèsì funfun lọ́rùn wọn. Ẹ̀rọ náà yóò wo gbogbo funfun yẹn, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á pa ihò dé, ojú Màámi yóò sì di òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ fọ́tò àwọn ènìyàn wa ló ti bà jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì ní dúdú wa ló fà á. Irọ́ ni. Nígbà kan, Kodak máa ń fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ-fílíìmù. Obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é, awọ ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wọn àwọ̀ fọ́tò gbogbo ayé. Ó di àwọn ọdún 1990 kí wọ́n tó fi aláwọ̀ dúdú kún un. Nítorí náà, ojú ènìyàn ni kí o wọn, má wọn ògiri. Tí ohun funfun bá yí dúdú ká, ṣí ihò ní ìpele kan sí i: tí ó bá yẹ kí ó jẹ́ 5.6, fi sí 4. Bí o bá sì fẹ́ lo A, yí nọ́ńbà agbára fílíìmù sí 100 dípò 200, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Má bẹ̀rù pé ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù. Fílíìmù aláwọ̀ tí màá fi ránṣẹ́ yìí máa ń fara da àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀, àìtó rẹ̀ ni kò ní oògùn. Èyí tó ṣókùnkùn jù, kò sí ohun tí àwa tí a ń fọ̀ ọ́ lè rí fà yọ nínú rẹ̀.

Abẹ́ òjìji ni kí o ti máa fi fílíìmù sí i. Fa ẹnu rẹ̀ dé ibi àmì pupa, pa ilẹ̀kùn dé, kí o ká a. Bí kọ́kọ́rọ́ apá òsì bá ń yí bí o ṣe ń ká a, fílíìmù ti gbé. Lẹ́yìn ẹyọ 36, tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀, ká gbogbo rẹ̀ padà kí o tó ṣí ẹ̀yìn. Má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò. Fíríìjì ni kí o tọ́jú rẹ̀ sí, pẹ̀lú ike tó wà yí i ká, kí o sì jẹ́ kí ó yá dáadáa kí o tó tú u, kí ìrì má bàa sẹ̀ sí i lára.

Oṣù Kọkànlá ni Ìyá Ìbejì ń padà síbí. Fún wọn ní fílíìmù náà kí wọ́n kó o sínú báàgì ọwọ́, má jẹ́ kó wọ inú àpótí ńlá tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ bàálù. Kí wọ́n bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú pé kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwọn ẹ̀rọ ayẹ̀rù tuntun máa ń ba fílíìmù jẹ́. Èmi fúnra mi ni màá fọ̀ ọ́.

Fílíìmù méjì péré ni mo lè rà. Ó ti wọ́n. Nítorí náà má fi ya àwo oúnjẹ àti mọ́tò. Ya Màámi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n kọjú síta, nígbà tí oòrùn kò tíì ga. Lọ sí Ìtòkú, kí àǹtí Màámi dáadáa, jókòó tì wọ́n díẹ̀ kí o tó mú kámẹ́rà jáde, kí o sì yà wọ́n pẹ̀lú àdìrẹ wọn nílẹ̀. Ṣọ́tà rẹ̀ kì í pariwo; wọn kò ní dá iṣẹ́ dúró fún ọ.

Pe ará Èkó yẹn lónìí, kí o sọ fún un pé kò sí fún títà. Èmi yóò bá Bọ̀dá Délé sọ̀rọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fúnmiláyọ̀.